Ilẹ̀ Líle Lábẹ́ Ilé Ìyàwó Omi

Ọjọ́ Ajé, 14 Farvardin

Ayẹyẹ ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù Farvardin ti kásẹ̀ nílẹ̀, a dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni mo fi jókòó láàárín ẹbí tí wọ́n gbààwẹ̀ oúnjẹ ṣùgbọ́n tí wọn ò gbààwẹ̀ ọ̀rọ̀. Nayyereh, ṣé o ò ní tún ọkọ fẹ́ ni? Nayyereh, ọjọ́ ń lọ o. Kó máa lọ.

Baba Òǹtẹ̀ pè wá sí ìpàdé láàárọ̀. Ọ̀gá wa nìyẹn, Ẹńjíníà Farzin, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kankan láyé ju kó tẹ òǹtẹ̀ sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. Ó ní ilẹ̀ ń rì ní òpópónà kan létí Yazd níbí, láti ìgbà òtútù. Kànáátì àtijọ́ kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọ̀nà omi tí àwọn baba ńlá wa fọwọ́ gbẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wá sílùú. Omi ti gbẹ nínú rẹ̀ láti ogún ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà mọ́ — àwọn tó mọ̀ ti kú, àwọn tó kù ń parọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà lápá kan òpópónà náà, ilé àwọn ènìyàn wà lápá kejì. Káńsù fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì ló jókòó sórí ihò. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti oṣù Bahman, oṣù méjì sẹ́yìn, nítorí ìbẹ̀rù.

Ó bi mí bóyá mo lè rí ihò náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹni pé àtùpà ni mo máa gbé wọlẹ̀. Òṣónú ló máa rí i — ẹ̀rọ mi. Àpótí kan tí kò tóbi ju garawa omi lọ, tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó. Ibi tí ihò bá wà, fífà yẹn á dín, díẹ̀ báyìí, tí ara ò lè mọ̀. Mo sọ ọ́ ní Òṣónú torí pé ohun gbogbo ló ń bí i nínú: ẹsẹ̀ èèyàn, ọkọ̀ akẹ́rù, atẹ́gùn, ẹni tó wúkọ́. Ìwà wa bára mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Farvardin

Heydar awakọ̀ fi wákàtí kan yá ju àdéhùn lọ. Fóònù rẹ̀ ló sún aago síwájú fúnra rẹ̀. Ìjọba ti fagi lé àṣà sísún aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ìrúwé láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n fóònù àwọn òmùgọ̀ ò tíì gbọ́. Mo bá a wí títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Alááwẹ̀ ni mo ń pè é ní tèmi, torí gbogbo ìgbà tó bá lọ wo táyà ẹ̀yìn ló máa ń padà wá pẹ̀lú èérún búrẹ́dì nínú irùngbọ̀n.

Àtẹ̀gùn mọ́sálásí ni mo fi ṣe ojú ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n lójoojúmọ́, ibẹ̀ la sì ń padà sí, ká lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà ló yí tàbí Òṣónú ló yíwà.

Ilé tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni mo kọ́kọ́ kàn. Ìyá àgbà kan, Bibi Touba, ṣí ìlẹ̀kùn ní ìdajì. Mo ṣàlàyé: ojú mẹ́jọ nínú ilé, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò ní gbẹ́ nǹkan kan. Ó ní kò ṣeé ṣe, ọkọ òun ń sùn. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n máa jí. Alááwẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Khanom, ìyáàfin mi, omi lọkọ wọn. Omi ìsàlẹ̀ yìí." Ìlẹ̀kùn ti padé kó tó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́rú, 16 Farvardin

Mo ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lẹ́nu Alááwẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò yẹn. Yadollah lorúkọ ọkọ Bibi Touba, ó ń gbẹ́ kànáátì jẹun. Ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, òrùlé ihò wó lé e lórí nísàlẹ̀. Wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyàwó nígbà náà. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, omi fà sẹ́yìn — kò níí fà sẹ́yìn bí, nígbà tí òrùlé ti dí i lọ́nà? Àwọn àgbà àdúgbò ní rárá o, akọ ni kànáátì náà, ìyàwó ló ń wá. Ni wọ́n bá mú opó tí ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n so yìgì òun àti omi tó pa ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù níbi tó ti ń yọ síta, wọn á máa fún un ní àlìkámà lọ́dọọdún. Wọ́n wá kọ́ ilé fún un, wọ́n ní orí ọkọ rẹ̀ gan-an ni yóò máa sùn.

Ó sì gbà. Ó wẹ̀ fún ọdún méjìlélógún títí omi fi gbẹ, kò sì kó kúrò. Alááwẹ̀ ní omi pọ̀ lọ́dún ìgbéyàwó yẹn. Mo ní òjò ló rọ̀. Ó ní, "Khanom, ẹ̀yin ò lè jẹ́ kí nǹkan kan dùn létí èèyàn."

Ìyàwó Omi. Ká rí i ká rín in. Síbẹ̀, ọkọ tèmi náà gbẹ, kò sì sẹ́ni tó fún mi lálìkámà.

A wọn ilé ẹ̀kọ́ lónìí, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, yàrá mẹ́fà àti àgbàlá. Òfin ni pé kí n máa padà sí àtẹ̀gùn mọ́sálásí ní wákàtí wákàtí. Òfin àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ̀ta mítà lálọ, ẹgbẹ̀ta mítà lábọ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ! Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ Òṣónú ju bí mo ṣe mọ ọkọ tí mo kọ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, ó ti tó.

Òṣùpá máa kún lọ́la. Ó ń fa ilẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí, ojú lásán kò sì lè rí i. Òṣónú ń rí i. Tábúlẹ́ẹ̀tì mi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí nọ́ńbà Òṣónú ń wọ̀, ló ń wo aago ara rẹ̀ tó fi ń ṣírò bí òṣùpá ṣe fa ilẹ̀ tó ní wákàtí yẹn, tó ń yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà. Èmi kì í dá sí i.

Ọjọ́bọ̀, 17 Farvardin

Atẹ́gùn iyanrìn. Òṣónú bínú, èmi bínú, Alááwẹ̀ sun oorun.

Àbámẹ́ta, 19 Farvardin

Ìyàwó Omi ṣílẹ̀kùn. Pẹ̀lú àdéhùn: mo gbọ́dọ̀ kí ọkọ òun kí n tó gbé ẹ̀rọ wọlé. Mo wo Alááwẹ̀, Alááwẹ̀ ń wo sánmà.

"Ṣé wàá kí i, àbí o ò ní kí i?"

Mo tẹ̀ba, mo kí ilẹ̀. Ẹ kúulé o, bàbá. Èmi Nayyereh, tí mo kàwé gboyè nípa ilẹ̀ àti òòfà rẹ̀ ní yunifásítì Shiraz. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn mi le jù, ẹni tó bá ń kí alájọgbé ẹni kì í pariwo mọ́ ọn.

Yàrá kan, ilé ìdáná kan, àgbàlá kan tó ní igi pómégíránétì. Kò ní bẹ́ẹ̀dì. Orí ilẹ̀ ló tẹ́ ibùsùn sí, ó sì ń fi etí òsì lélẹ̀ sùn. Mo bi í pé kí ló ń gbọ́, nígbà tí omi ti lọ láti ogún ọdún. Ó ní, "Ìwọ náà ti lọ́kọ rí, wọ́n sọ fún mi. Ṣé tó bá ti dákẹ́, kò sí nílé nìyẹn?" Ìgbà tí tèmi bá dákẹ́ gan-an ni mo máa ń gbádùn rẹ̀.

A wọn ojú mẹ́jọ, láti aago mọ́kànlá sí aago kan ọ̀sán. Obìnrin náà di èémí mú ní gbogbo ìgbà tí Òṣónú ń ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ju Alááwẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Farvardin

Máàpù ti jáde. Ihò wà lábẹ́ ilé Bibi Touba, kedere, àwọ̀ búlúù tó ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ibi igi pómégíránétì dé ibi ibùsùn. Ilé ẹ̀kọ́ — pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan kan.

Ó ń bí mi nínú díẹ̀ pé àwọn àgbà onígbèéyàwó omi yẹn parí sí ibi tó tọ́. Aago tó ti kú náà a máa tọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Baba Òǹtẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ lé e kí n tó jókòó. Kò ka ojú ìwé kan.

Ọjọ́rú, 23 Farvardin

Káńsù ti pinnu. Ilé ẹ̀kọ́ yóò ṣí ní Àbámẹ́ta. Wọ́n á wó ilé Bibi Touba, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì sínú ihò, wọ́n á fún un ní yàrá méjì ní àjà kẹrin ilé tuntun kan lọ́nà Taft. Ìyàwó Omi ní àjà kẹrin! Mo rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo wọn.

Ó ní láti fọwọ́ sí ìwé. Baba Òǹtẹ̀ ní èmi ni kí n gbé e lọ, torí èmi nìkan ni obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti burú, Khanom Ẹńjíníà ló mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ọjọ́bọ̀, 24 Farvardin

Alááwẹ̀ lá àwo ọbẹ̀ ṣúlì kan mọ́ féfé lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òògùn inú rírun ni.

Àbámẹ́ta, 26 Farvardin

Àwọn ọmọbìnrin ti wọlé. Ogóje ni wọ́n, ariwo wọn tó ti ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀kan nínú wọn, tí eyín iwájú ti kán, wá bi mí bóyá èmi ni mo lé àǹjọ̀nnú kúrò lábẹ́ kíláàsì wọn. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ ṣeun. N kò gbé ìwé lọ fún Ìyàwó Omi. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Farvardin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má baà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe nínú orí mi.

Mo dé ilé Bibi Touba nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀. Ó ti tẹ́ aṣọ oúnjẹ sílẹ̀: dàbínù, wàràkàṣì, ewé tútù, ọbẹ̀ ṣúlì. Ó ní kí n jókòó, pé ẹni tó bá gbé ìròyìn burúkú wá kò gbọdọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú inú òfo. Ó ti gbọ́. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde kí n fi máàpù hàn án, kó má baà rò pé a ń pè é ní wèrè. Ó fi ìka tọ́ àwọ̀ búlúù náà, ó ní, "Òun nìyí?" Mo ní òun ni. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ilé mọ́ lórí o.

Ládàánì pe ìrun. Mo wo igun òkè tábúlẹ́ẹ̀tì: aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo yínmú. Mo ní ẹ wo ládàánì àdúgbò yìí, odidi wákàtí kan ló fi febi pa àwọn èèyàn. Bibi Touba jẹ dàbínù rẹ̀, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí aago ara ògiri. Aago mẹ́fà kọjá ogójì.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mẹ́fà kọjá ogójì.

Mo dá dàbínù padà sínú àwo. Tábúlẹ́ẹ̀tì mi ti sún aago síwájú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún tuntun, bíi ti fóònù Alááwẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ kìíní iṣẹ́, òṣùpá wákàtí mìíràn ló ń yọ kúrò nínú nọ́ńbà mi. Ní ọ̀sán, nílé Bibi Touba, ó yọ jù; ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nílé ẹ̀kọ́, kò yọ tó. Ká ní mo ń padà sí àtẹ̀gùn mọ́sálásí ní wákàtí wákàtí, ǹ bá ti rí i lọ́jọ́ kìíní. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á ti rí i.

Mo tún aago tò níbẹ̀, lórí aṣọ oúnjẹ rẹ̀, mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Àwọ̀ búlúù kúrò lábẹ́ ilé Bibi Touba bí ìgbà tí wọ́n nu omi nílẹ̀. Ó lọ jókòó sábẹ́ kíláàsì kẹta.

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ayé ni mo ti ń fi rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ká ìwé náà, mo ní ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ó ní kí n mu tíì kí n tó lọ. N kò lè mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 28 Farvardin

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́rọ̀ mi, kò bú mi, ó kàn kó àwọn ọmọ jáde ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹẹsẹ, láìsáré, ó sì ti ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Ọjọ́ méjì ni àwọn ọmọ yẹn fi fò sókè sódò lórí ihò, èmi ni mo ní kí wọ́n wọlé.

Lẹ́yìn náà, Baba Òǹtẹ̀. Ó ní ìwé ti ní òǹtẹ̀ lára. Mo ní òǹtẹ̀ kò lè gbé ilé dúró.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún káńsù? Pé òṣùpá ló ṣì wá lọ́nà?"

"Kí ẹ sọ pé Nayyereh ló ya ọ̀lẹ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn."

Ó dijú. Ó ní ìwọ, nínú gbogbo wa, ìwọ tó máa ń bú gbogbo èèyàn. Kò parí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan tó lóye máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n lákọ̀tun. Wákàtí kan, mọ́sálásí. Wákàtí kan, mọ́sálásí. Alááwẹ̀ gbé Òṣónú fún mi ní ìrìn kẹrin. Kò jẹun lónìí, mo ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 30 Farvardin

Ìwọ̀n tuntun bá ìṣirò tuntun mu. Káńsù gbé ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wá sí kíláàsì kẹta, wọ́n kó àwọn àga kúrò. Mítà mẹ́sàn-án ni irin náà fi ń lọ pẹ̀lú ariwo, lẹ́yìn náà ó já sínú òfo lẹ́ẹ̀kan náà, mítà mẹ́ta, láìfọhùn. Ọkùnrin tó di irin mú kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná. Lára pátákó ìkọ̀wé, ìṣirò àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Wọn ò ní wó ilé Bibi Touba mọ́. Ó kéré tán, mo ní ìròyìn ayọ̀ kan láti gbé lọ.

Ọjọ́bọ̀, 31 Farvardin

Òmùgọ̀ ni mí. Mo ra àkàrà òyìnbó qottab kìlò kan dání.

Mo sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti bọ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ó dúpẹ́. Ó bi mí níbo wá ni ọ̀nà omi náà gbà. Mo ní abẹ́ ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì kẹta.

"Nílé yìí ńkọ́?"

"Ilẹ̀ líle ni, Bibi. Kò sí ihò kankan. Ẹ lè kọ́ alájà mẹ́wàá lé e."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni tó ń yin ọjà. Ìgbà tó wo ilẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀ yàrá náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ rẹ ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kò lè tún ṣìṣe ni?"

Ọdún mẹ́rìnlá, n kò parọ́ nípa nọ́ńbà kan rí. Mo ní, "Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, Bibi."

Ó wò mí. Mo mọ ìwò yẹn, èmi ni mo ni ín. Òun ni mo fi ń wo Baba Òǹtẹ̀. "Má ṣàánú mi. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n ti ń ṣàánú mi." Ó gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀. "Ọkọ mi méjèèjì wà lójú kan náà. Èmi wá wà níbí, mò ń bá amọ̀ sọ̀rọ̀."

Mo gbé qottab náà sílẹ̀, mo tún gbé e.

Nínú ọkọ̀ mo ṣépè fún àwọn àgbà yẹn láti ibẹ̀ dé ilé. Alááwẹ̀ jẹ́ kí n ṣé e tán, ó wá ní ìyá òun sọ pé agbẹ́kànáátì wà láàárín wọn, ẹgbẹ́ Yadollah. Ẹni yẹn mọ ibi tí ihò gbà. Kò sí agbẹ́kànáátì tó máa kọ́lé opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sórí ihò. Ilẹ̀ tó le jù ládùúgbò ni wọ́n wá fún un, wọ́n sì sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ fún un. N kò mọ ẹni tí mo máa ṣépè fún mọ́. Ó sú mi.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ordibehesht

Ìtúnu Àwẹ̀ ti lọ. Ẹbí tún bi mí nípa ọkọ. Mo sunkún níwájú wọn, kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, èmi náà sì sọ fún wọn pé àlùbọ́sà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ordibehesht

Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì dé ní aago mẹ́sàn-án. Baba Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ike lórí, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n fẹ́ tẹ rọ́bà wọ inú ihò tí irin gbẹ́ nígbà tí Bibi Touba wọlé. Aṣọ funfun ló wọ̀, irú èyí tí àwọn agbẹ́kànáátì ń wọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè jẹ́ aṣọ ìsìnkú bí wọn ò bá gòkè mọ́. Ó gbé kẹ́tù dání.

Ó ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ wẹ ọkọ mi."

Ọ̀gá àwọn oní-sìmẹ́ǹtì wo aago rẹ̀. Baba Òǹtẹ̀ lanu. Mo ní, "Ẹ dákẹ́, Ẹńjíníà." Ó dákẹ́.

Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ihò náà, kò ju ẹnu àwo tíì lọ. Ó da omi sí i ní díẹ̀ díẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo rí ooru rẹ̀. A gbọ́ ọ nísàlẹ̀, lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ń kán. Ó ń sọ nǹkan, ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn oní-sìmẹ́ǹtì ṣí fìlà. Nígbà tí kẹ́tù gbẹ, ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mo yẹ kí n fi èyí náà ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti gbìyànjú láti ìrọ̀lẹ́.

Àbámẹ́ta, 9 Ordibehesht

Bibi Touba ti lọ sí Taft, sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Fúnra rẹ̀ ló di ẹrù, kò pé ìdajì ẹ̀yìn ọkọ̀ Alááwẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo ní Bibi, ilé yín ni, ilé náà dára, kò lè wó láéláé. Ó ní, "Mo gbọ́. Ta ló máa wá máa dá gbé inú rẹ̀?" Ó wọ ọkọ̀, kò wẹ̀yìn.

Mo gbé Òṣónú wọ yàrá náà ní aago mẹ́wàá. Mo wo aago tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé àtẹ̀gùn mọ́sálásí, mo padà, mo tún lọ, ní wákàtí wákàtí, bí òfin ṣe wí. Ojú ibùsùn rẹ̀ ni mo gbé e sí, apá ibi tí etí òsì máa ń wà. Mo di èémí mú. Mo ń bẹ̀ ẹ́ kí fífà ilẹ̀ yẹn dín. Díẹ̀ péré. Bí ihò eku kan. Mo ní bí ó bá dín, mo máa sáré lọ sọ fún un ní Taft lónìí.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo wọ̀n ọ́n. Kò dín.